Ìpín Ẹ-jẹ́-n-sinmi

Ẹ jẹ́ kí n fẹ̀yìn ti ògiri yìí ná, ẹ̀yin ará ilé. Ìrìn tí mo rìn nígbà ayé mi, orúnkún mi ṣì ń rò ó fún mi, kò sì fìgbà kan rò ó tán. Mo rí i pé Ọmọ́wùnmí, ìyàwó ilé yìí, ti gbé àwo ẹran ìgalà síwájú mi, ó dúró tì í, ó ń wojú mi. Ó rí i pé mo ti àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wá ń rò ó lọ́kàn pé bóyá ọbẹ̀ òun kò dùn. Ọmọ mi, ọbẹ̀ rẹ dùn. Láti ìgbà tí o ti gbé e kaná ni òórùn rẹ̀ ti ń dà mí láàmú. Ṣùgbọ́n èmi Ọdẹ́gbàmí ọmọ Ọdẹ́rìndé, èmi tí mo dá ẹfọ̀n dúró lójú ọ̀nà odò tí ẹfọ̀n ń wá ibòmíràn gbà, n kì í jẹ ẹran ìgbẹ́.

Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Èmi ro ìṣẹ́, mo ro ìyà, mo pa ẹran, mo fún gbogbo ayé jẹ, èmi nìkan ni n kò jẹ níbẹ̀. Ajá ló fà á. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kó sún mọ́ mi, ohùn mi kò lọ jìnnà mọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ sùn, kó máa sùn jẹ́ẹ́. Irú yín ni mo ń jowú, ẹ ó sì gbọ́ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú, mo ní abo ajá kan, pupa, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Ẹ mọ̀ pé àwa ọdẹ kì í déédé sọ ajá lórúkọ. Ohun tí a kò lè sọ lójú aládùúgbò la fi ń pe ajá. Ní ọdún tí mo gba ajá yìí, kò sí àárọ̀ tí ẹnìkan kì í kan ilẹ̀kùn mi: èyí wá tọrọ ẹran, èyí wá tọrọ awọ, èyí ní òkété ń ba oko òun jẹ́. Mo bá sọ ajá ní Ẹ-jẹ́-n-sinmi. Bí mo bá ti pè é láàárọ̀ kùtù, gbogbo agboolé ti gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn mi, kò sì sí ẹni tó lè bá mi jà, ajá mi ni mo ń pè.

Ajá náà mọ iṣẹ́. Bí ẹran bá gba ibì kan kọjá lánàá, Ẹ-jẹ́-n-sinmi á sọ fún ọ lónìí ibi tó ń lọ àti ohun tó jẹ kó tó lọ. N kò purọ́. Bí mo bá purọ́ díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún àgbà.

Ó ṣe, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Abẹ́ apá ló ti bẹ̀rẹ̀, ó dé etí, ó dé ikùn, ó dé àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ó ń họra, ó ń lá ara, ó ń fi eyín gé ara rẹ̀ jẹ. Irun rẹ̀ re dànù, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, ó dúdú, etí rẹ̀ ń ṣomi, ó sì ń rùn bí epo tó ti kan. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ẹ-jẹ́-n-sinmi, ara òun fúnra rẹ̀ ni kò wá jẹ́ kó sinmi. Mo fi àdín pa á, mo fi òrí po imí ọjọ́ kùn ún, mo fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́ títí ọwọ́ mi fi bó. Ẹnìkan ní ọ́ìlì dúdú tí wọ́n ń yọ lára mọ́tò ni kí n dà sí i lára. Mo dà á, ajá fẹ́rẹ̀ẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́. Àṣàbí ìyàwó mi ló bá mi bu omi tí a fi ṣàn án kúrò. Ó ní, “Baálé mi, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà ìlú wa kan fún yín, torí òun ni ìdí ọ̀rọ̀. Bí ọdẹ bá pa ẹran, kí ọ̀bẹ tó kan itan, ajá la kọ́kọ́ ń fún. Ẹ̀dọ̀ gbígbóná tòun tẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ni ìpín ajá. Ọba kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá fi du ajá, Ajẹ̀pínajá là ń pè é, orúkọ náà sì burú ju olè lọ, torí wọ́n ní igbó kì í dárí ji ẹni bẹ́ẹ̀. Èmi kò fi du Ẹ-jẹ́-n-sinmi rí. Àní nígbà tí àìsàn yìí dé, tí mo rí i pé ó ń rù, mo ń fi ìpín tèmi kún tirẹ̀ kí ara rẹ̀ lè mókun. Ẹ̀yin náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí gbogbo ẹgbẹ́ ọdẹ lúgọ de agbo ẹfọ̀n, tí ẹnikẹ́ni kò mí, Ẹ-jẹ́-n-sinmi jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó ń họra. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lu ewé gbígbẹ gbì gbì gbì. Kí a tó mọ̀, ẹfọ̀n ti lọ, eruku ló kù. Ògúndípẹ̀, Olúọdẹ wa, kì í pariwo. Ó dúró kí gbogbo wa kó ìbọn sílẹ̀ tán.

Ó ní, “Ọdẹ́gbàmí, ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ajá tìrẹ ló ń họra lónìí, lọ́la a lè bá a lára tèmi. Bí a bá tinná bọgbó fún ọdún Ògún, tí ajá yìí bá tún họra níwájú ẹran, wàá yìnbọn pa á. Ìbọn ìwọ alára ni wàá fi pa á, kì í ṣe ìbọn ẹlòmíràn.”

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ẹ fún mi láyè.”

“Mo ti fún ọ. Òjò ṣì ń rọ̀, igbó kò tíì gbẹ.”

Bí mo ṣe délé, mo di ẹrù. Àṣàbí ń wò mí. “Níbo lẹ ń lọ?”

“Ibi tí oògùn bá wà.”

“Bí ẹ bá rí oògùn oorun níbẹ̀, ẹ bá mi mú díẹ̀ bọ̀. Láti ìgbà tí ajá yín ti ń fi ara ha ògiri yàrá mi, mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń pa ojú dé.” Lẹ́yìn náà ó di ẹja gbígbẹ àti iṣu fún mi, ó sì fi ọwọ́ nu etí ajá náà kí a tó lọ.

Ẹ má bi mí bí mo ṣe dé Igbó Àìsùn. Ẹsẹ̀ ló gbé mi débẹ̀, ẹsẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo lè sọ ni pé nínú igbó yẹn, àwọn igi ń yán láti òwúrọ̀ dalẹ́, wọn kì í sì í sùn. Bí o bá gba abẹ́ ìrókò kọjá, wàá gbọ́ tó ń sọ fún arère pé, “Ṣé ilẹ̀ kò tíì ṣú ni?” Àárín wọn ni mo ti bá iwin kan tó jókòó sáàárín ahá rẹpẹtẹ, oògùn ló wà nínú gbogbo wọn. Yóò-sàn-lọ́la lorúkọ rẹ̀. Awọ ara òun pàápàá ń sí bí èèpo igi, ṣùgbọ́n ojú ẹni tó ń wá nǹkan kì í rí irú èyí.

Ó ní, “Mo ní oògùn ajá rẹ.”

Mo ní, “Ẹ kò tíì wò ó.”

“Èmi kì í wo aláìsàn. Oògùn ni mo máa ń wò.”

Mo bi í pé kí ló ń gbà. Ó ní oorun mi ni. Mo ní kó mú un, ta ni oorun ń ṣe láǹfààní? Ó na ìka méjì sójú mi, ó yọ oorun mi bí ẹni yọ ìgbín nínú ìkarahun, ó jù ú sínú àpò. Ó wá ta òróró kan sí Ẹ-jẹ́-n-sinmi lára, yíyún náà dákẹ́. Mo jó nínú igbó yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo pa ọ̀yà ńlá kan lọ́jọ́ náà, mo fún ajá mi ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tán, mo tún fi itan kan lé e pé ká fi yọ̀. Kí ilẹ̀ tó tún mọ́, ó ti ń yí gbirigbiri nílẹ̀, ó burú ju tàtijọ́ lọ.

Mo padà sọ́dọ̀ Yóò-sàn-lọ́la. Ó fún mi ní èyí tó le jù ú lọ, ó gba àlá mi. Ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo tún padà, ó fún mi ní lẹ̀búlẹ̀bú kan, ó gba ìsinmi orúnkún mi. Ẹ wò mí dáadáa. Títí dòní, kò dá ọ̀kankan padà nínú wọn. Nígbà tó wá ku ohùn mi nìkan tí mo lè fi san án, ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ara rẹ̀ fínnífínní. Mo ní, “Ìwọ oníṣègùn, kí ló dé tí awọ tìrẹ ń sí?” Ó ní, “Tèmi ń bọ̀ lọ́la.” Nígbà èwe mi, ǹ bá ti gbé e lu ìrókò. Ó ti rẹ̀ mí. Mo kàn fa ajá mi, mo bá tèmi lọ.

Ibi tí a yà sí lẹ́yìn èyí ni Ìlú Ahọra. Gbogbo ará ìlú náà ni ara ń yún, ọba àti ìwọ̀fà. Bí àlejò bá dé, wọn kì í sọ pé ẹ kú àbọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ bá a họ. Ìyàwó ń bá ọkọ họ ọ́, ọkọ ń bá ìyá ìyàwó họ ọ́, ọba alára ní ìjòyè kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa họ àtẹ́lẹsẹ̀ ọba lọ. Kò sí oko tí wọ́n ro tán, kò sí ògiri tí wọ́n mọ dókè, torí ọwọ́ kò fìgbà kan ṣófo. Òfin kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ béèrè ohun tó fà á.

Ọba náà fún mi ní yàrá, ó fi ẹni tí yóò máa bá ajá mi họ ẹ̀yìn tì mí. Ó ní, “Ọdẹ, dúró tì wá. Níbí, kò sí ẹni tí yóò fi ajá rẹ ṣẹ̀sín. Kò sí ẹni tí yóò ní kí o yìnbọn pa á.”

N kò ní parọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Mo bọ́ bàtà. Mo gbé ìbọn kọ́ ògiri. Mo rò ó pé kí ni mo tún ń wá, ṣebí ibi tí wọn kò ti ní pa á la wà yìí? Ìgbà tí mo gbójú sókè, Ẹ-jẹ́-n-sinmi ti dìde lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá a họ ẹ̀yìn, ó ti ń lọ sí ẹnu ibodè, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lápá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti họ ọ́. Ó wẹ̀yìn wò mí lẹ́ẹ̀kan. Mo tún wọ bàtà.

Òun ló ṣamọ̀nà wa dé ìlú kẹta, torí èmi kò mọ ibẹ̀. Ẹnìkan gbó mi ní ẹnu bodè, mo wò ó, èèyàn ni. Wọ́n so ó mọ́ òpó, ó ń wo ẹsẹ̀ mi bí ẹni tó fẹ́ gé mi jẹ. Nínú ìlú, àwọn ajá jókòó sórí àpótí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ilé ayé. Mo rántí pé ohun tí ajá rí tó fi ń gbó kò tó èyí tí àgùntàn fi ń ṣèran wò. Èmi ni àgùntàn lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ ni ajá ọdẹ ń lọ bó bá kú, ẹni tó sì ń ṣe olórí wọn ni Ta-ní-mọ̀la, ajá bàbá mi. Ìrù rẹ̀ ni mo dì mú kọ́ ìrìn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un.

Ó ní, “Ọmọ Ọdẹ́rìndé, o ti dàgbà, o kò sì gbọ́n.”

Mo ní, “Ìyá, ẹ kú ọjọ́ pípẹ́. Ajá mi ni mo gbé wá. Bí igbó bá gbẹ, wọn yóò ní kí n yìnbọn pa á.”

“Mo rí i. Já àlọ́ yìí fún mi. Nǹkan kan wà tí ẹ fi ń yẹ́ wa sí. Bí ẹ bá ti fi yẹ́ ọmọ yìí sí, ó ń sunkún. Bó bá sunkún, ẹ tún ń fi yẹ́ ẹ sí kí ẹkún lè tán. Kí ni?”

Mo ní okùn ni. Ó ní okùn kì í ṣe ẹ̀yẹ. Mo ní agogo ọrùn ni. Ó ní agogo dùn mọ́ àwọn. Mo ronú, mo ní orúkọ ni. Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Orúkọ tí ẹ fi ń bá aládùúgbò jà? Ìyẹn kò kàn wá, tiyín ni.” Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n bọ́ aṣọ mi.

Wọ́n fi ahọ́n lá yíyún náà kúrò lára Ẹ-jẹ́-n-sinmi, wọ́n sì tẹ́ ẹ sára mi. Háà, ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí. Ẹkùn ti họ mí rí, oyin ti ta mí lójú, n kò sunkún. Èyí dà bí ìgbà tí ìjàlọ ń ṣèpàdé lábẹ́ awọ mi. Bí mo bá họ ibí, á bọ́ sí ọ̀hún. Bí mo bá họ ọ̀hún, ara á bó, yóò sì máa ta mí, síbẹ̀ yóò máa yún mi. Mo fi ẹ̀yìn ha igi, mo wọ́ ìdí nílẹ̀ kiri ìlú níwájú àwọn ajá. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ìró kan tí n kò gbọ́ rí láti ìgbà pípẹ́. Ẹ-jẹ́-n-sinmi ń hanrun. Ó nà gbalaja sábẹ́ òjìji, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tú sílẹ̀. Mo wá mọ ohun tó ti ń gbé kiri lójú mi tí mo pè ní àìsàn kékeré, ó sì dùn mí gan-an.

Iṣu sísè àti ẹja odò ni wọ́n ń fún mi jẹ, kò sí nǹkan mìíràn. Òṣùpá lé, ó wọ̀, ó tún lé. Díẹ̀díẹ̀ ara mi ń rọ̀. Wọ́n wá ń mú oúnjẹ wá lọ́kọ̀ọ̀kan: wọ́n gbé ẹ̀kọ wá, a dúró, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Wọ́n gbé ẹyin wá, a tún dúró pẹ́. Mo ní, “Ìyá, ẹ jẹ́ kí n jẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí n mọ̀ ọ́n kíákíá, igbó ń gbẹ.” Ó ní, “Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la ń pa àmúkùrù tó bà lé ni lẹ́pọ̀n. Bí o bá jẹ ẹ́ pọ̀, èwo ni wàá dá lẹ́bi?”

Ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀dọ̀ ìgalà wá, inú mi dùn débi pé n kò fọwọ́. Ẹnu mi kò tíì gbẹ tán tí iná fi jó láti etí mi dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mo ṣubú lulẹ̀. Láti ibi tí mo ṣubú sí ni mo ti já àlọ́ náà. Mo ní, “Ìpín ajá ni.”

Ta-ní-mọ̀la sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí, ó wá jókòó tì mí. Ó ní, “Èmi jẹ ẹ́ títí mo fi kú, kò ṣe mí ní nǹkan. Ti ọmọ yìí yàtọ̀. Ẹ̀yin èèyàn, ìdílé kan kì í jẹ ẹmọ́, ìdílé kejì kì í jẹ ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tó bá jẹ èèwọ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ á wú, ẹ ó sì sọ pé èèwọ̀ ló jẹ. Ta ló wá sọ fún yín pé ajá kò ní èèwọ̀? Ẹran ìgbẹ́ ni èèwọ̀ ara tirẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, títí kan egungun.”

“Ẹ fún mi ní oògùn tí yóò pa á tán.”

“Kò ní tán. Bí ẹ bá tigbó dé, fi omi ṣan ẹsẹ̀ àti ikùn rẹ̀, torí eruku koríko náà ń bá a jà. Sá ibùsùn rẹ̀ sóòrùn. Nu etí rẹ̀. Já eégbọn. Fún un ní iṣu àti ẹja. Bí ọyẹ́ bá dé, yóò tún yún un díẹ̀. Má sáré lọ bá Yóò-sàn-lọ́la. Kò sí èyí tó le nínú gbogbo rẹ̀. Àìlópin rẹ̀ ló le.”

“Ṣé ìyẹn nìkan ni?”

“Wọn yóò pè ọ́ ní Ajẹ̀pínajá.”

Mo jẹ́ ọmọ ọdẹ, ọmọ ọmọ ọdẹ. Kò sí ẹni tí a tíì pè bẹ́ẹ̀ rí nínú ìdílé wa.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí yíyún náà kúkú wà lára mi. Ó ní oníkálukú ló ń gbé ara rẹ̀ lọ sílé. Wọ́n jí Ẹ-jẹ́-n-sinmi. Ó yán, ó wò mí nílẹ̀ tí mo wà, ó sì jókòó jẹ́ẹ́ gba tirẹ̀ padà.

Nígbà tí a ó fi délé, ọyẹ́ ti ń fẹ́. Iṣu àti ẹja ló jẹ láti ìlú àwọn ajá títí dé ẹnu ọ̀nà mi, irun ti ń hù lẹ́yìn rẹ̀ wúruwùru. Kò pẹ́ tí a tinná bọgbó. Gbogbo ẹgbẹ́ ọdẹ tò sẹ́yìn iná, Ògúndípẹ̀ dúró tì mí gan-an kí ojú rẹ̀ lè tó o. Mo ti ki ìbọn mi, n kò sì mọ ẹni tí ọta inú rẹ̀ wà fún, ẹran tàbí ajá mi. Ìgalà kan yọ nínú èéfín. Ẹ-jẹ́-n-sinmi dúró. Etí rẹ̀ gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Kò gbé ẹsẹ̀. Mo yìnbọn, ìgalà ṣubú.

Ògúndípẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi la ẹran náà, ó yọ ẹ̀dọ̀, ó jù ú síwájú ajá mi. Ẹ-jẹ́-n-sinmi na ọrùn. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀dọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Ọdẹ kan lẹ́yìn mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́: “Ajẹ̀pínajá.”

Mo ní, “Èèwọ̀ ara rẹ̀ ni. Bó bá jẹ ẹ́, yóò tún máa họra.”

Ògúndípẹ̀ ní, “Ẹran tí ajá kò bá jẹ ìpín rẹ̀, ta ni yóò jẹ ẹ́ láàárín wa? Fún un, tàbí kí o gbé ìbọn rẹ kúrò nínú ẹgbẹ́ yìí.”

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti sọ fún yín pé ó ti rẹ̀ mí. N kò ní ọ̀rọ̀ dídùn kankan lẹ́nu. Mo ní, “Bàbá, ẹni tó bá ní mo jẹ ìpín ajá, kó máa wò mí lẹ́nu. Láti òní lọ, ẹran igbó tí ajá mi kò bá jẹ, èmi náà kò ní jẹ ẹ́. Ẹ pín tèmi fún ẹni tó bá wù yín.”

Ó ní, “Ọdẹ tí kò jẹran. Kí lo wá ń dẹ fún?”

“N kò mọ̀. Ṣùgbọ́n kò họra.”

Ó wo ajá náà. Ó dúró dè é, gbogbo wa dúró dè é. Ajá jókòó, ó ń wo èéfín. Ògúndípẹ̀ ní, “Kò họra lóòótọ́.” Ó mú ẹ̀dọ̀ náà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó fún ajá tirẹ̀.

Báyìí ni kò ṣe kú. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú fi Ajẹ̀pínajá kọrin tẹ̀lé mi lọ sódò. Àwọn ìkà kò tilẹ̀ yọ wá lẹ́nu tó àwọn aláàánú. Aládùúgbò á rí ajá mi, á ní ó ṣe, ọkùnrin yìí ń febi pa á, á ju egungun sí i lẹ́yìn ilé, a ó sì fi ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan jìyà rẹ̀. Àṣàbí tó ń fi mí ṣẹ̀sín ló wá ń mú ìgbálẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń lé àwọn aláàánú. Bí mo bá tigbó dé, tí n kò lè dúró lórí ẹsẹ̀, omi ni mo kọ́kọ́ ń bù. Mo ń ṣan ẹsẹ̀ kan, Àṣàbí ń ṣan èkejì. Ọyẹ́ á dé, yóò bẹ̀rẹ̀, a ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lára ògiri, Àṣàbí á ní, “Ó tún ti dé,” a ó sì dìde. Ọdún ń gorí ọdún. Mo ti bá ẹfọ̀n jà, mo ti wọ ìlú ajá, n kò rí iṣẹ́ tó rẹ̀ mí tó iṣẹ́ kékeré yẹn.

Ọjọ́ ogbó ni Ẹ-jẹ́-n-sinmi kú, orí ẹsẹ̀ mi ló gbé orí lé. Mo mú ìbọn, mo wọ igbó láìsí ajá, mo pa ìgalà kan. Mo fi òkú ẹran náà sílẹ̀ fún ẹni tó bá rí i, ẹ̀dọ̀ nìkan ni mo mú, ó ṣì gbóná lọ́wọ́ mi nígbà tí mo délé. Àṣàbí ti gbẹ́ ilẹ̀ sábẹ́ igi ìyeyè. A gbé ajá náà sínú ihò, mo gbé ẹ̀dọ̀ náà síbi ẹnu rẹ̀. Mo ní, “Ẹ-jẹ́-n-sinmi, gba ìpín rẹ. Gbogbo ìgbà yẹn, n kò jẹ ẹ́.”

Ibi tí ìrìn mi pin sí nìyẹn, n kò sì ní agbára àtirìn kọjá ibẹ̀. Ọmọ́wùnmí, gbé àwo rẹ, má bínú. Bí iṣu bá kù nínú ìkòkò, bù ú wá fún mi, kí o fi ẹja sí i.